Mọ̀rìwò Inú Òrùlé Ọkọ̀

Ní ọ́fíìsì ìjọba tí Akínbọ́lá ti ń ṣiṣẹ́ ní Adó, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé kì í mu tíì tí ẹlòmíràn bá pò. Inú àpò ló ń gbé kọ́ọ̀pù tirẹ̀ sí wá síbi iṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé e sí padà sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, yóò wo ibi tí onítọ̀hún jókòó sí dáadáa. Kì í ṣe òǹrorò. Ó kàn gbà pé kò sí ohun tó ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀ ni.

Nígbà tí fèrèsé orí ọkọ̀ náà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sọ́nrúùfù, kọ̀ láti padé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn Àjíǹde, Bámgbóyè, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Ìyìn, ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Bámgbóyè ló yá ọkọ̀ náà lọ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko, ìrọ̀lẹ́ àná ló sì dá a padà pẹ̀lú fèrèsé òkè ní ṣíṣí. Òjò ti ṣú. Ọkọ̀ yìí kan náà ni Akínbọ́lá ṣèlérí pé yóò gbé Fúnkẹ́mi, ìyàwó Bámgbóyè, lọ sílé ìwòsàn bí ìrọbí bá mú un. Oyún náà sì ti pé oṣù rẹ̀.

Akínbọ́lá tú ìdérí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná òrùlé, ó ti irin kékeré kan tó tẹ̀ bọ ojú ihò, ó sì ń fọwọ́ yí i. Gíláàsì náà rìn bí ìgbín, ó tún há. Ó gun orí àga, ó tan iná fóònù sí ojú irin tí gíláàsì ń gbà rìn. Ewé ọ̀pẹ gbígbẹ kan ló rí níbẹ̀, wọ́n sì hun ún. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kíá.

“Mọ̀rìwò!”

Ibi tí wọ́n bá ta mọ̀rìwò sí, wọn ò fẹ́ kí ènìyàn wọ̀ ọ́ ni. Kí ló ń wá nínú ọkọ̀ òun? Ó pe àbúrò rẹ̀.

“Bámgbóyè, kí lo fi sí òrùlé ọkọ̀ mi?”

“Òrùlé báwo, Ẹ̀gbọ́n? Bùùtù ni mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Mo kàn ṣí òkè kí atẹ́gùn wọlé ni.”

“Mo ti rí mọ̀rìwò tí o hun síbẹ̀.”

Bámgbóyè rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ yí padà. “Ọkọ̀ tí ìyàwó mi máa wọ̀ lọ bímọ ni mo máa fi oògùn sí?”

“Wá ọkọ̀ mìíràn fún un.” Akínbọ́lá sì pa fóònù.

Igi ló fi ń wọ́ ewé náà jáde nígbà tí Monínúọlá, ìyàwó rẹ̀, dé láti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìjọ Àgùdà ni wọ́n bí i sí, kò sì fi í sílẹ̀ nígbà tó fẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà.

“Bàbá Ìtùnú, ṣé ejò ni?”

“Má sún mọ́ ọn!”

Monínúọlá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti fọwọ́ mú un. “Àgbélébùú mi rèé!”

“Tìrẹ?”

“Ti ọjọ́ Sunday Ọ̀pẹ. Fadá ló bù kún un. Mo fi há etí fèrèsé òkè kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà.”

“Kí ló dé tí o fi pa á mọ́ síbẹ̀?”

“Èyí tí mo gbé kọ́ iwájú ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ò jù ú nù ni?”

Akínbọ́lá tẹjú mọ́ ewé náà. “Fadá wo?”

“Ó ti dórí Fadá báyìí?” Ẹ̀rín pa Monínúọlá.

Ó padà sídìí irin rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí gíláàsì náà rọra rìn, ó sì jókòó sáyè rẹ̀ bí òjò ṣe ń kán. Ó pe Bámgbóyè. Kò gbé e. Ó tún pè.

“Ulé ni mo wà,” ni Bámgbóyè wí. “Oògùn wo ni ẹ tún rí?”

“Àgbélébùú Ìyá Ìtùnú ni. Mo fura sí ọ lásán. Má bínú.”

“Mo ti bá onítakisí kan sọ̀rọ̀.”

“Sọ fún un pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Mò ń bọ̀ ní Ìyìn nísinsìnyí.”

“Ó dáa. Fúnkẹ́mi ń po tíì. Ẹ má gbàgbé kọ́ọ̀pù yín o.”

Akínbọ́lá gbé àpò rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó yọ kọ́ọ̀pù náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì jáde sínú òjò.