Ọjọ́ Tí Tíṣà Ìyápọ̀ Sá Kọ̀ǹpútà Sórí Àpáta

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn olóògbé Tíṣà Festus Ìyápọ̀ ní Tẹ̀dé, kó wá ibi jókòó dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ sọ fún un pé Tíṣà kàwé. Ti káàdì tó sá sórí àpáta gbodo ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Odindi olùkọ́ ìṣirò, ọkọ nọ́ọ̀sì, ló ká ṣòkòtò dé orúnkún láàárín àwọn obìnrin tó ń sá gbodo, ìyẹn iṣu gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe èlùbọ́, tó ń tẹ́ káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fi gẹ̀ẹ́sì lé ewúrẹ́.

Sàfúrátù, ìyàwó Àdìgún tí ilé wọn kángun sí ti Tíṣà, ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìbàdí.

"Tíṣà, kí lẹ̀ ń sá yẹn?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

"Tó bá gbẹ tán, ṣé wọ́n ń gún un ni àbí wọ́n ń lọ̀ ọ́?"

Gbogbo àpáta rẹ́rìn-ín, àmọ́ Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó Tíṣà, ò rẹ́rìn-ín. Ọkọ ẹ̀ ti lé lógójì ọdún kó tó ní òun ń lọ gboyè másítà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Ayé 1981 nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé béèyàn bá fi fìtílà wá kọ̀ǹpútà kiri gbogbo Òkè-Ògùn, kò ní rí ẹyọ kan. Àtìgbà náà ni Abọ́sẹ̀dé ti ń dá ilé gbé, tó ń ti díspẹ́ńsárì bọ̀ tòun ti oorun lójú, tó tún ń wá oúnjẹ fáwọn ọmọ. Ní báyìí, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ Tíṣà ní yunifásítì ti kìlọ̀ fún un: tí iṣẹ́ ò bá yọrí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n á yọ orúkọ ẹ̀, kó máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Inú káàdì ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún sì wà. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń lu ihò sára káàdì pélébé ni, gbólóhùn kan fún káàdì kan. Wọ́n á tò wọ́n jọ, wọ́n á kó wọn fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa kà wọ́n tẹ̀léra. Tí ọ̀kan bá ṣèèṣì bọ́ síwájú èkejì, ó parí. Tíṣà kó tiẹ̀ sínú páálí mílíìkì bọ̀ nílé kó lè wá àṣìṣe inú ẹ̀. Wọ́n gbé páálí sórí ọkọ̀, wọ́n kúrò n'Ísẹ́yìn díẹ̀, àkọ́rọ̀ òjò bá dà á bo gbogbo ẹ̀.

"Kí ló tiẹ̀ wà nínú iṣẹ́ yìí gan-an?" Sàfúrátù bi í.

Tíṣà tijú díẹ̀. "Bí kọ̀ǹpútà ṣe lè mọ ìgbà tójò máa rọ̀ l'Ókè-Ògùn."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Òjò ọ̀hún gbọ́, ló bá ní kóun wá wo nǹkan tẹ́ ẹ kọ nípa òun."

Ìwé yìí ti ń ṣe Tíṣà bákan. Kò lè rán èèyàn níṣẹ́ bí èèyàn mọ́. Á fi àtàǹpàkò ti awò ojú ẹ̀ sókè, á wúkọ́, á sọ fún Abọ́sẹ̀dé pé, "Ìyá Mọ́ládé, gbé omi kaná. Tó bá hó, da èlùbọ́ sí i. Tí kò bá tíì hó, padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀."

"Tí mo bá sùn lọ ńkọ́?"

Á ronú, á tún un rò. "Ìyẹn ò sí nínú ohun tí mo kọ."

"Ó yá, ẹ lọ kọ ọ́ wá kẹ́ ẹ tó jẹun."

Ká padà sórí àpáta. Nígbà tó di ọ̀sán, káàdì ti gbẹ, Tíṣà bá yà sílé lọ jẹun. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú ọ̀run ṣú. Àṣà orí àpáta sì ni pé tójò bá ṣú, ẹni tó bá wà nítòsí á bá ẹni tí kò sí kó tiẹ̀. Ẹni tó bá wo gbodo ẹlòmíì níran tójò fi pa á, ọmọ ọmọ ẹ̀ á gbọ́ ọ sétí. Àwọn obìnrin bá dìde: gbodo, káàdì, wọ́n gbá gbogbo ẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, kálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Nígbà tí Tíṣà fi máa sáré dé, àpáta ti mọ́ fóó.

"Ẹ má mikàn, Bàbá Mọ́ládé!" Sàfúrátù kígbe látòkèèrè. "A ti bá yín kó o!"

Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rí ọkùnrin tí wọ́n ṣe lóore tó ń sunkún.

Abọ́sẹ̀dé ò sunkún. Tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó gbé ọpọ́n, ó ń ya ilé kiri: "Ẹ dákun, ẹ bá mi wo inú gbodo yín, ọkọ mi wà níbẹ̀." Káàdì ń jáde lábẹ́ gbodo, wọ́n funfun fún èlùbọ́. Yíǹkì tí Tíṣà fi kọ nọ́ńbà sí wọn ti ṣàn lọ.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe Tíṣà ní yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wá gbà á. Nígbà tó wálé ṣáájú èyí, ó tọrọ làálì lọ́wọ́ Sàfúrátù, ó to àwọn káàdì lé ara wọn, ó sì fa ìlà kan tó dagun sí etí wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àdìgún bi í nígbà yẹn pé ọjọ́ wo ni ìyàwó ń relé ọkọ. Òjò fọ yíǹkì, kò lè fọ làálì. Ibi tí làálì bá wà létí káàdì ló ń sọ ipò tó yẹ kó wà. Tọkọtìyàwó jókòó sílẹ̀, wọ́n ń tò ó. Èyí tó ti ká kò, Tíṣà ní òun á lu òmíràn tóun bá dé ọ̀hún. Wọ́n tò ó tán, ó ku ẹyọ kan tí wọn ò rí.

"Mo ti lọ gbodo apẹ̀rẹ̀ kan o," Sàfúrátù sọ ọ́ jẹ́ẹ́.

Àdìgún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọkà tán, nà bí ọba. "Tíṣà kà á, èmi jẹ ẹ́. Nínú àwa méjèèjì, ta ló mọ̀ ọ́n jù?"

Tíṣà yẹ àwọn káàdì tó wà nílẹ̀ wò, ó mí kanlẹ̀. "Káàdì ìkẹyìn ni. Òun ló máa sọ fún ẹ̀rọ pé kó dákẹ́."

"Irọ́ ni," Sàfúrátù ní. "Ká ní ọkọ mi ló jẹ ẹ́ ni, ì bá ti dákẹ́."

Tíṣà lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, tí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè níbùdókọ̀, abẹ́rẹ́ á fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Abọ́sẹ̀dé. Ọjọ́ Fúráìdè ló dé. Ó fa ìwé gbọọrọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde yọ, ó tẹ́ ẹ láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, àwọn adìyẹ sì ń fò ó kọjá.

"Wọ́n gbà á?" Abọ́sẹ̀dé bi í.

"Wọ́n gbà á."

Abọ́sẹ̀dé bá dì mọ́ ọn lójú gbogbo àdúgbò, tòun ti ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún nọ́ọ̀sì.

Nígbà tó gboyè tán, wọ́n ń pè é sí iṣẹ́ l'Ékòó. Kò lọ. Ó padà sí kíláàsì ẹ̀, ó ní bí gbogbo ẹni tó bá ka kọ̀ǹpútà bá gba Èkó lọ, ta ni yóò sọ fáwọn ọmọ Tẹ̀dé pé ó wà? Kọ̀ǹpútà ò sí, ó bá to àwọn ọmọ sórí pápá: ẹni yìí á ṣe àròpọ̀, ẹni yẹn á ṣe ìsọdipúpọ̀, ẹnì kan á gbé ìdáhùn sáré lọ bá ìkejì. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí agogo oúnjẹ fi lù, tí kọ̀ǹpútà sá lọ.

Ó kú lọ́dún 1988, ẹ̀rọ ọ̀hún ò sì tíì dé ìlú. Nígbà tí ilé kún fáwọn tó wá kí Abọ́sẹ̀dé, ẹnì kan nínú ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: "Gbogbo wàhálà ìwé yẹn, kí ni Festus rí níbẹ̀?"

Àdìgún ló dáhùn.

"Ọmọ mi, Bàṣírù, ti wọ yunifásítì. Kọ̀ǹpútà ló ń lọ kà. Ẹ̀yin ò mọ bí Tíṣà ṣe ń jí i láàárọ̀ ni." Ó dìde, ó na ọrùn bí ẹni ń yọjú lórí ògiri, ó fi ohùn Tíṣà tó máa ń gba imú jáde pariwo: "Bàṣírù! Bàṣírù o! Àlá tó ò ń lá yẹn, ṣé ìṣirò wà níbẹ̀?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń kùn gan-an rẹ́rìn-ín. Àdìgún fẹ́ tún un pè, ló bá rí ojú Abọ́sẹ̀dé, ó rọra jókòó.

Abọ́sẹ̀dé fi etí ìró nu ojú.

"Bàbá Bàṣírù," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Ó jọ ọ́ gan-an."