Ọjọ́ Tí Mo Sẹ́ Àbúrò Mi Níwájú Àwọn Àna

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, mo fẹ́ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín. Àbí kí n kúkú sọ òótọ́: kò ṣẹlẹ̀ sí mi, èmi ni mo fi ẹnu ara mi ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá ṣerun ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀kà mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà á máa rẹ́rìn-ín. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o.

Mo ní àbúrò kan, Sìkírá. Àwa méjì péré ni Màmá wa bí. Rọpárọsẹ̀ mú un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò sì gbé e mọ́. Ọ̀pá méjì tó ń kì sábẹ́ abíyá ló fi ń rìn. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jókòó ṣèdánwò tí ìwé mẹ́wàá rẹ̀ fi jáde. Èmi tí ẹsẹ̀ mi pé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe tèmi kí n tó fi í sílẹ̀.

Kò sí owó láti tẹ̀ síwájú, ló bá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Máṣíìnì ọlọ́wọ́ ló ń lò, nítorí kò lè wa ti ẹlẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló wù ú. Ó máa ń sọ pé òun fẹ́ jókòó nídìí tábìlì, kí òun máa kọ nǹkan sínú fáìlì, kí èèyàn máa wá bi òun léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé ìyẹn ti pọ̀ jù?

Ní ọdún tí mo fẹ́ lọ́kọ, wọ́n kéde lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ kọ orúkọ gbogbo àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n ní inú orúkọ yẹn làwọn ti máa mú àwọn tí àwọn fẹ́ gbà síṣẹ́, ibẹ̀ náà làwọn ti máa mú àwọn tó máa gba irinṣẹ́ àti owó ìrànwọ́. Ilé dé ilé ni wọ́n máa wá. Ha, Sìkírá! Ẹ ò rí bó ṣe ń yọ̀. Ó ní kí n bá òun ṣe ẹ̀dà sáfíkéètì òun, mo ṣe é, ó fi í sínú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Àṣé ọjọ́ tí wọ́n máa dé àdúgbò wa náà làwọn àna mi máa wá láti Ìkáràm.

Ẹ̀yin ará ilẹ̀ wa, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣe rí. Kí ẹbí ọkọ tó fọwọ́ sí i, wọ́n á wádìí yín délẹ̀délẹ̀: ṣé wèrè ò sí nílé náà, ṣé ẹ̀tẹ̀ ò sí níbẹ̀, ta ló yarọ, kí ló fà á. Ọkọ mi mọ Sìkírá dáadáa, kò sì kà á sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò tíì dé ilé wa rí, ọkàn Màmá ò sì balẹ̀.

Màmá ní kí Sìkírá wà ní yàrá ẹ̀yìn títí àwọn àlejò á fi lọ. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn ń fi í pamọ́ o, wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Wọ́n gbé ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi kí ojú àlejò má baà tó o.

Sìkírá wo Màmá, ó wò mí. Ó béèrè pé àwọn tó ń kọ orúkọ ńkọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé bí wọ́n bá dé, èmi á yọ́ jáde lọ bá wọn lóde, màá sì mú wọn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ ọ́ wá. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi yìí náà ni.

Àwọn àna dé. Màmá ti gúnyán, iṣu Ṣúpárè, funfun nini. Àlùfáà àdúgbò wa ṣe àdúà. Ìyá ọkọ mi jẹun, wọ́n yin ọbẹ̀, wọ́n ní àwọn ti rí ọmọ. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Bí mo ṣe ń bu omi fún wọn báyìí, a gbọ́ sàlámà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan àti ọkùnrin kan ni, wọ́n so káàdì mọ́rùn, wọ́n gbé rẹ́jísítà ńlá dání. Wọn ò tiẹ̀ dúró lóde kí n jáde lọ bá wọn! Ọmọbìnrin yẹn kí wa tán, ó ní wọ́n sọ fáwọn nílé kejì pé ẹnì kan wà níbí tó ní ìpèníjà ẹsẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ.

Ìyá ọkọ mi gbé ojú sókè kúrò nídìí àwo.

Kí Màmá tó la ẹnu, mo ti dáhùn. "Ẹ ti ṣìlé o! Kò sírú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé wa."

Ó tún bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú kẹ̀! Mo tún nawọ́ sí ilé kan nísàlẹ̀, mo ní bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ń wá. N ò dákẹ́ síbẹ̀ o. Mo ní bí ti òkè tí à ń gùn ní Ọ̀kà lójoojúmọ́ yìí bá ni, gbogbo wa lẹsẹ̀ ń dùn, kí wọ́n kúkú kọ orúkọ gbogbo wa. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì dúpẹ́, wọ́n lọ.

Yàrá ẹ̀yìn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ síbi tí mo dúró sí. Kọ́tìnnì ló wà lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Nígbà táwọn àlejò lọ tán, mo gbé ọ̀pá wọlé lọ bá a. Ó jókòó sórí ẹní, ó wọ aṣọ ọdún Iléyá rẹ̀, ó gbé ọ̀rá sáfíkéètì lé itan. Mo ní wọ́n á tún padà wá. Ó ní ó dáa. Ó béèrè pé ṣé ìyá ọkọ mi gbádùn oúnjẹ. Mo ní wọ́n gbádùn ẹ̀. Ó ní alihamudulilahi.

Ṣé wọ́n padà wá? Wọn ò padà wá o! Lọ́jọ́ kejì, Ìṣùà ni wọ́n wà. Mo lè wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn. Mo lè lọ sí káńsù. Ìmúra ìgbéyàwó ni mo kó sórí, aṣọ lónìí, ìkòkò lọ́la, mo sì ń sọ fún ara mi pé tí a bá ti so yìgì tán, màá ṣe é. A so yìgì tán. Oṣù ń gorí oṣù.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìyá ọkọ mi ṣàdédé yà sílé wa ní Ọ̀kà, wọ́n bá Sìkírá nídìí máṣíìnì lójúde. Àyà Màmá já! Ìyá yẹn jókòó tì í, wọ́n bi í léèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n tú ìborùn wọn tó ti ya, wọ́n ní kó bá àwọn rán an. Títí dòní, bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, Sìkírá ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ohun tí a torí ẹ̀ gbé ọmọ pamọ́ nìyẹn o! Ohun tí kò sí rárá!

Nígbà tó yá, rédíò kéde pé kí àwọn tí orúkọ wọn ti wà nílẹ̀ wá fún intáfíù. Gàníyù, ará Ṣúpárè, ọmọ kíláàsì Sìkírá, tí ọwọ́ rẹ̀ kan rọ, wà lára wọn. Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìṣùà. Sìkírá ní Ọlọ́run á fi ṣe é lóore. Ó tún tẹrí ba, ó ń yí máṣíìnì rẹ̀ lọ.

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo mú un, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó orúkọ gbogbo Àkókó jọ sí. Ẹ gbọ́ o, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni! Ọ́fíìsì àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò ṣiṣẹ́, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, mo ń gun àtẹ̀gùn, mo sì ń bú ìjọba bí mo ṣe ń lọ, pé wọn ò láàánú, pé wọn ò ro ti ẹlòmíì. Èmi!

Nígbà tí a dókè, mo ní àwọn tó ń kọ orúkọ ò dé ọ̀dọ̀ wa rárá, pé ṣe ni wọ́n fo ilé wa. Irọ́ mìíràn nìyẹn. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì gbọ́ mi tán. Ó wò mí, ó wo Sìkírá. Mi ò dá a mọ̀, òun ló dá mi mọ̀.

Ó rọra ní, "Àǹtí, a dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ ní kò sí."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Kò jágbe mọ́ wa o. Ó ní ìwé ti lọ sí Àkúrẹ́, àwọn ò lè fi orúkọ kankan kún un mọ́. Ó ní kí Sìkírá fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, pé tí wọ́n bá tún fẹ́ kọ òmíràn, òun á pè é. Sìkírá gba bírò, ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó dúpẹ́.

Mo tún pọ̀n ọ́n. Nígbà tí a dé ìdajì àtẹ̀gùn, mo bú sẹ́kún. Mo di irin àtẹ̀gùn mú. Mo bi í pé ṣé ó gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun gbọ́. Mo ní kí ló dé tí kò pariwo, kó tiẹ̀ pe orúkọ mi lásán, àwọn èèyàn yẹn ìbá wọlé lọ bá a.

Ó gbé àgbọ̀n lé mi léjìká. "Àǹtí, ká ní mo pariwo ni, ṣé àwọn àna yín ò ní dìde? Inú yín ń dùn. Mo ń gbọ́ ọ láti inú yàrá."

N ò mọ bí mo ṣe gbé e dé ilẹ̀.

Di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì tún wá kọ orúkọ ní àdúgbò wa. Fóònù Sìkírá kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Bó bá ti dún, á ju aṣọ sílẹ̀, á gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Oníbàárà ló máa ń jẹ́, tàbí èmi. Mo ti dín pípè é kù, nítorí n ò lè gba bó ṣe ń yára sọ pé hẹ́lò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú Sìkírá nílé, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ mú wọn jáde. Ìjọba lè ṣètò iṣẹ́ títí, wọ́n lè kó owó kalẹ̀ títí, bí àwa tá a bí wọn bá ní wọn ò sí, ta ni wọ́n fẹ́ fún? Ẹ jẹ́ kí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Àlejò tó bá fẹ́ dìde, kó dìde!

Bí ẹ bá ti ṣe irú èyí rí, tàbí tí wọ́n ti ṣe é fún yín, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú mi. Ẹ sì bá mi wá nǹkan kan ṣe sí i. Mo ti kúnlẹ̀ fún Sìkírá, mo ti sunkún fún un. Gbogbo ìgbà ló ń sọ pé òun ò bínú, kí n dìde. Ẹni tí kò bínú rárá, báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́?