Kabúrétọ̀ Tí Mo Yàn fún Àbúrò Mi

Àbúrò mi ọkùnrin ló ni alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà, ṣùgbọ́n èmi ni mo bà á jẹ́. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa máa kà á lọ kó máa retí àánú níwájú. Èmi ni àkọ́bí ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kan ohun tó ní ẹ́ńjìnnì nínú ẹbí wa, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń parí sí.

Àbúrò mi ń ta síménti àti páànù ní Ayépé. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, á ti ṣọ́ọ̀bù, á kọrí sí pápá oníyanrìn kan lẹ́yìn Ìjagun, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ wọn sáré. Kì í ṣe irú alùpùpù tí wọ́n fi ń kó ẹrù lóko. Ti eré ìje ni, ó fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ariwo rẹ̀ sì tó láti jí odindi àdúgbò. Lọ́dún yẹn, àwọn tó ń ṣètò ìje kan létíkun ní àwọn máa mú ẹni méjì láti ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ò sì ní mú ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún. Àbúrò mi ti pé ogójì. Ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ipò kẹta ló gbà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Tí èyí bá tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tán.

Èmi náà gun alùpùpù nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kí n tó ṣubú lójú ọ̀nà Ayépé tí orúnkún mi òsì fi gan. Bí mo bá rí àbúrò mi lórí ẹ̀rọ yẹn tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún méje, inú máa ń bí mi. Ìlara ni. Mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Mi ò fẹ́ ṣìṣe lọ́tẹ̀ yìí." Mẹkáníìkì náà jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun tó ti pẹ́ ní Ìjẹ̀bú, èèyàn jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú epo dúdú. Ó ti pààrọ̀ sàlẹ́ńsà ẹ̀rọ náà sí èyí tó ń mí dáadáa, ó sì ti fi fíltà tuntun sí i kí atẹ́gùn lè máa wọlé fàlàlà. Kabúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì, ló kù. Méjì ló kó sórí bẹ́ǹṣì: ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ fi díẹ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, àti ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ là gbàgà, tó ń dán.

"Ẹ jẹ́ ká lo kékeré yìí, sà," ni mẹkáníìkì wí. "Ńlá yẹn, ẹni tó bá ti gbẹ́ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ̀ ló wà fún."

Mo ní, "Ta ló ń fi ihò abẹ́rẹ́ mí? Èyí tó lẹ́nu ni kó rà."

Kò jiyàn. Ó kàn ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun máa pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì ni irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ sí i, ihò náà gbọ́dọ̀ tóbi sí i kí epo lè bá a mu. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, inú ẹ́ńjìnnì á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ títí písítìn á fi yọ́. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ṣùgbọ́n èmi, olùkọ́ àgbà, kí ẹlẹ́wù elépo dúdú wá máa kọ́ mi níṣẹ́ lójú àbúrò mi? Mo ní kó fi jẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bó ṣe wà, pé epo àpọ̀jù ló ń mú ẹ̀rọ wúwo. Mo tún bi í pé ìwé mélòó ló kà. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Mẹkáníìkì wo àbúrò mi. Àbúrò mi ń wo ilẹ̀. Wọn kì í já àgbà nírọ́ lójú ará ìta nílé wa, àbúrò mi ò sì tíì já mi nírọ́ rí, kódà nínú yàrá. Mẹkáníìkì nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó," ló wí, ó sì gbé ńlá náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, àbúrò mi wá sílé mi lọ́sàn-án, ó di púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ̀rọ náà sínú áńkáṣíìfù. Ó ní bí òun bá ti fún ẹ̀rọ náà lépo lójijì, á kọ́kọ́ wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ kú kó tó gbéra, ìdí ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná bí ààrò. Mo gba púlọ́ọ̀gì náà. Orí rẹ̀ funfun bíi ṣọ́ọ̀kì. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí lójú ẹsẹ̀: epo ò tó, iná ti pọ̀ jù. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀rọ̀ iná àti atẹ́gùn títí ó fi sú mi. "Pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì" ni gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ, iṣẹ́ náà ò sì ní pẹ́ rárá. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, mẹkáníìkì ló jàre nìyẹn.

Mo ní, "O ò rí i bó ṣe mọ́ tónítóní? Iná tó bá jó dáadáa kì í fi èédú sílẹ̀. Ìwọ ni o ò mọ̀ ọ́n gùn."

Ojú tì í díẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ó sì tún dì í padà sínú áńkáṣíìfù rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìje tí wọ́n fẹ́ fi yan ẹni méjì náà, wọ́n gbé àga fún mi lábẹ́ igi. Àbúrò mi ló ṣáájú ní ìyípo kìíní àti ìkejì, kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Àwọn èèyàn ń pariwo oríkì ilé wa. Mo gbàdúrà nígbà yẹn, mi ò sì ní sọ ohun tí mo bẹ Ọlọ́run fún. Ní ìyípo kẹta, ohùn ẹ̀rọ náà tín-ín-rín, ó wá dún bí irin tó ń jẹ irin, táyà ẹ̀yìn sì dúró gbagidi. Àbúrò mi fò kọjá ọwọ́ ẹ̀rọ, ó fi ẹnu gbá yanrìn. Ó dìde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ létè, ó ń fi èjìká ti ẹ̀rọ náà síwájú nígbà tí gbogbo wọn ń kọjá lára rẹ̀.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, písítìn ti yọ́ mọ́ ògiri sílíńdà. Ó gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí pálọ̀ mi kún fún ẹbí, àbúrò mi wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Ìmọ̀ràn tó dáa lẹ gbà mí. Ọwọ́ mi ló le jù. Mo dójú tì yín láàárín èèyàn."

Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Gbogbo ilé ń wò wá. Mo bi í bóyá ó ti wá mọ̀ báyìí pé eré yẹn kì í ṣe fún irú rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti mọ̀, sà."

Mo ní mo ti dárí jì í, kó dìde.