Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Di Ẹ̀wọ̀n

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé àárín àgbà méjì ni wọ́n ń fi mí sí lórí ọ̀kadà, àbúrò bàbá mi ló máa ń gbé èmi àti ìyá mi láti Agbamu lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Iṣẹ́ ọ̀kadà ló ń ṣe. Ẹ̀yin àbúrò mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì yé èmi gan-an tán. Bí kò bá yé ẹ̀yin náà, ẹ má dá ara yín lẹ́bi.

Àgùntàn ìyá àgbà kan ní agboolé tó kángun sí tiwa ló sọnù. Nígbà tó yá, wọ́n rí okùn ọrùn rẹ̀ lórí ọ̀kadà àbúrò bàbá mi, ó fi di igi ìdáná mọ́ ẹ̀yìn. Ó ní ẹ̀bá ọ̀nà ni òun ti ṣa okùn náà. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mi ò sí níbẹ̀.

Bàbá àgbà mi, tó jẹ́ olórí agboolé wa, kò béèrè púpọ̀. Nílé wa, bí àgbà bá ń bínú, ọmọdé á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná. Ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ kan náà ni. Wọ́n fi ń rọ ìbínú ni, wọn kì í fi í jẹ́wọ́. Àbúrò bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí ìyá náà forí ji òun. Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Dìde jàre, o ti fi àyà gbá gbogbo ilẹ̀ mi." A rò pé ó parí síbẹ̀.

Àṣé ọmọ wọn tó ń gbé Ìlọrin ti fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé kóòtù nìyẹn. Kí àbúrò bàbá mi tó wọlé, bàbá àgbà kìlọ̀ fún un pé, "Má bá adájọ́ jiyàn o. Bẹ̀ wọ́n." Èmi àti ìyá mi jókòó sẹ́yìn. Akọ̀wé kóòtù bi í bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ó wo ojú bàbá àgbà, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Mo jẹ̀bi, sà. Ẹ ṣàánú mi."

Ọlọ́pàá na okùn náà sókè. Kò sẹ́ni tó tún bi í níbi tó ti rí i. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n. Bàbá àgbà ṣì ń retí kí adájọ́ ní kó dìde kó máa lọ sílé, wọ́n ti ń mú un jáde.

Kó tó ti ẹ̀wọ̀n dé, àgùntàn náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, ọmọ àgùntàn kan tẹ̀lé e. Àwọn àgbà sáré padà sí kóòtù. Àwọn ará kóòtù ní ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé òun jẹ̀bi. Mo ti rò ó lọ, rò ó bọ̀: àgùntàn tó padà wálé kò sọ ẹni tó tú u.

Lọ́jọ́ tó dé, ìyá mi bi í pé kí ló dé tí kò sọ pé òun kọ́.

"Ìyàwó wa, ṣé kí n wá máa bá wọn jiyàn ni? Bàbá wà ní ìjókòó."

Ọmọ ìyá náà wá láti Ìlọrin, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo wa. Wọ́n gbé e dìde. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó jẹ̀bi.

Mo gbọ́ pé ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè kan, ará ìlú lásán ni wọ́n ń kó jọ láti dá irú ẹjọ́ báyìí. Ká ní agboolé wa ló jókòó dájọ́ lọ́jọ́ náà, wọn ì bá mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn náà ló ní kó bẹ̀bẹ̀.

Ayé ti yí báyìí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fọ́ àwo. Nígbà tí wọ́n bi í, ó dúró ṣánṣán, ó ní òun ò jẹ̀bi. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi àbúrò bàbá mi. Òun náà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ń bínú mọ́. Á kàn dúró, á máa wo ilẹ̀. Àwọn àgbà tó kù ń pè é ní ìgbéraga. Èmi ò tíì mọ ohun tí mo lè pè é.