Omi Ìgbà Òtútù

"Gbénró, mo mọ̀ ẹ́ o. Má fún wọn lómi, àfi tí mo bá dé. Òùngbẹ kì í pa wọ́n, omi ìgbà òtútù ló ń pa wọ́n."

Ọ̀rọ̀ tí Oyèkànmí sọ gbẹ̀yìn fún àbúrò rẹ̀ nípa àwọn kákítọ́ọ̀sì ojú fèrèsé rẹ̀ nìyẹn, kó tó wakọ̀ kúrò ní Padova, ní Ítálì, ní ìparí ọdún 1996. Kùrukùru ti bo autostrada, ọ̀nà márosẹ̀ ibẹ̀.

Gbénró ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kó là ná."

Oyèkànmí rẹ́rìn-ín. "Kákítọ́ọ̀sì ẹni ẹlẹ́ni ń jẹrà ní Torino, kí n jókòó máa wo kùrukùru?"

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó gboyè, bàbá wọn ní, "A rán ọ lọ kọ́ nípa kòkó, ẹ̀gún lo lọ kọ́!" Àmọ́ láti Asti dé Treviso, ẹni tí igi ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, òun ló ń pè.

Kò dé Torino. Inú kùrukùru yẹn ni ọkọ̀ ẹrù ti gbá a.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún Oyèkànmí ń hunjọ lójú fèrèsé. Gbénró kò fún wọn lómi. Tó bá fi lè bomi rin wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀gbọ́n òun kò ní dé mọ́.

Oṣù kẹrin dé, oòrùn ń mú. Èyí tó kéré jù wó lulẹ̀. Gbénró fọwọ́ kan èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti ń rọ̀.

Ó bu omi sínú ife. Ó ń rọ ọ́ sí ìdí wọn níkọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.