Ẹni Tí Wọ́n Ní Kó Ka Igi Yunifásítì

Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Wagiman ti ń tọ́jú igi ní ọgbà yunifásítì kan lẹ́sẹ̀ òkè Slamet, ní erékùṣù Jáfà ní Indonéṣíà. Kò kàwé kọjá ìwé kẹrin, ṣùgbọ́n kò sí igi tó wó níbẹ̀ tí kò mọ ọdún tí wọ́n gbìn ín.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà tuntun dé, ó ní dandan ni kí ilé ẹ̀kọ́ náà wọ inú ọ̀ọ́dúnrún yunifásítì àkọ́kọ́ ní gbogbo Éṣíà. Àwọn ará Kòríà ti lọ, àwọn ará Ṣáínà ti lọ, àwọn ará Màléṣíà tí wọ́n jọ wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ pàápàá ti ń bojú wẹ̀yìn wò wọ́n. Ni wàhálà bá dé. Olùkọ́ tó ti ń fi èdè Jáfà ṣàwàdà ní kíláàsì láti ogún ọdún, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kó máa fi kọ́ni, àwàdà parí. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àlejò lédè òyìnbó. Wagiman ń gé ẹ̀ka tiẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ò kan òun.

Àfi ìgbà tí Bu Retnaningsih wá bá a. Bu ni wọ́n fi ń pe obìnrin tó níyì níbẹ̀, Pak ni wọ́n fi ń pe ọkùnrin. Olùkọ́ tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni. Taiwan ló ti gboyè ọ̀mọ̀wé, òun ni wọ́n sì fi ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń wá ipò fún yunifásítì.

"Pak Wagiman, ẹ kú iṣẹ́ o. Igi mélòó la ní?"

"Igi wo, Bu?"

"Gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ń to yunifásítì sípò fẹ́ mọ̀. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù."

Wagiman wojú ẹ̀ bóyá ó ń ṣeré ni. Kò ṣeré.

"Ṣé kí n ka àwọn tó kú sórí ìdúró mọ́ ọn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, alààyè nìkan."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi kà á. Ẹfun ló fi ń sàmì sídìí wọn kó má baà ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá. Ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn wó ọ̀kan, ó sì padà lọ yọ ọ́ kúrò.

Bu Retnaningsih wo ìwé náà títí. "Ẹgbẹ̀rún méjìlá la kọ lọ́dún tó kọjá, Pak."

"Ta ló kà á?"

"Kò sẹ́ni tó kà á."

Ẹni tó kọ ọ́ ti di igbákejì ọ̀gá àgbà. Òun ló ránṣẹ́ pe Wagiman lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ tí Wagiman ti ń ro koríko abẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì yẹn, kò wọ inú ẹ̀ rí. Òtútù ibẹ̀ mú un. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ náà wà níjòókòó.

"Ẹ ò ka ọparun," ni igbákejì wí.

"Koríko ni ọparun, ọ̀gá."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Òun náà ò ga ni?"

"Ó ga, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ewé ló wé mọ́ra wọn, kì í ṣe igi. Ẹ bi ọ̀jọ̀gbọ́n."

Wọ́n yíjú sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo bàtà ara ẹ̀. "Òótọ́ ló sọ," ló wí, bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín lẹ́nu ẹ̀.

Bu Retnaningsih fi iye tòótọ́ ránṣẹ́. Nígbà tí èsì jáde, ilé ẹ̀kọ́ náà fi ipò mọ́kànlélọ́gọ́rin já wálẹ̀. Igbákejì ò dáhùn ìkíni Bu Retnaningsih mọ́. Wagiman gbọ́. Ó ní kí ìyàwó òun din témpè tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, ó gbé e lọ bá obìnrin náà.

"Bu, ẹ má bínú. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá rọra kà á."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Wagiman ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

"A ò já bọ́ níbì kankan, Pak. Ibi tá a wà tẹ́lẹ̀ náà la wà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wa ni."

Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n gbin igi. Àyè kan ṣoṣo tó kù ni ibi tí àwọn olùkọ́ ń gbé mọ́tò sí, ibẹ̀ náà ni Wagiman sì gbin ọmọ igi àjàgbọn sí. Àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́tò sínú oòrùn, wọ́n ń fi èdè méjì ráhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ wá bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fi áńkáṣífù nu ọrùn.

"Pak, ìgbà wo ni ibòòji ẹ̀ máa tó bo mọ́tò mi?"

Wagiman wo igi, ó wo ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ọdún mẹ́jọ. Ọdún wo lẹ máa fẹ̀yìn tì?"