Ìró Tó Wá Láti Ìsàlẹ̀

Ọdún kọkànlélógún rèé tí ọkùnrin náà ti ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní Olómi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí páìpù kan bá ti wọlé tán, á bu ẹ̀kúnwọ́ ohun tí ẹ̀rọ hú jáde, á tò ó sórí pátákó, èyí tó pupa, èyí tó funfun, èyí tó dà bí eérú, kí ẹni tó ni kànga lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó wà lábẹ́ ilé rẹ̀. Bí kò bá sí omi níbẹ̀, á ní kò sí. Kò parọ́ fún oníbàárà rí.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló parọ́ fún.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kòtò ìwakùsà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́ wó lé òṣìṣẹ́ márùn-ún lórí, ẹ̀gbọ́n náà sì wà lára wọn. Ìyá wọn kò sí nílùú lọ́jọ́ náà, ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣàìsàn ló wà. Nígbà tó padà dé, Olómi sọ fún un pé ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí, pé wọn kò jìyà. Ìyá béèrè òkú ọmọ rẹ̀. Kò sí òkú. Ó ní òun kò ní pe ẹni tí òun kò rí òkú rẹ̀ ní òkú, kò sì sunkún.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó rí fídíò ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olùkọ́ lórí fóònù. Olùkọ́ ní inú ayé ṣófo bí inú ìkòkò, oòrùn kékeré kan ń ràn níbẹ̀, àwọn àlejò tó ń fi ọkọ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run sì ń kó àwọn èèyàn wa lọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í retí ọmọ rẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó ránṣẹ́ pe Olómi. Ó ní bọ́ọ̀sì Olùkọ́ yóò wá gbé òun ní Sátidé. Wọ́n fẹ́ gba inú kòtò ìwakùsà àtijọ́ kan wọlé lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀.

"Màmá, ẹsẹ̀ tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé yìí lẹ fẹ́ fi wọ kòtò?"

"Kì í ṣe gígùn, sísọ̀ ni. Ilẹ̀ fúnra ẹ̀ á máa fà mí lọ." Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì fi awò ojú rẹ̀ sójú. "Orí mi ò dàrú o. Ìwọ lò ń dá ilẹ̀ lu, ìwọ ni kó o bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bó o bá fi hàn mí pé irọ́ ni, màá jókòó sílé."

Ó ṣí ìwé àjákọ kan. Àwòrán ayé ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, ihò dúdú róbótó kan tí Olùkọ́ pè ní ẹnu ọ̀nà inú ayé sì wà lókè orí rẹ̀.

"Ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ya àwòrán yìí, Màmá, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Nígbà òtútù, oòrùn kì í yọ lókè téńté ayé níbẹ̀ rárá. Òkùnkùn lẹ̀ ń wò, kì í ṣe ihò."

Ìyá fi bírò fa ìlà lé e. "Ó dáa. Ọkùnrin tí Olùkọ́ ní àwọn àlejò gbé lọ, tó sì padà wá ńkọ́?"

"Ta ló rí i nígbà tó ń lọ?"

"Kò séèyàn."

"Kí ló mú bọ̀?"

"Ó ní wọ́n gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ òun lẹ́nu ibodè."

"Áà! Àwọn náà ní aṣọ́bodè!"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú. Ó fa ìlà lé ìyẹn náà. "Ìwọ fúnra ẹ wá lo sọ fún mi pé ẹ̀rọ ẹ já sínú òfìfo nígbà kan."

"Kò jìn ju apá mi yìí lọ, omi ló sì kún ibẹ̀. Bá a bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i, Màmá. Èèyàn ò lè gbé ibẹ̀."

Ìyá rọra fa ìlà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó ku ẹyọ kan," ó ní. "Àwọn tó ń gbé nítòsí kòtò tí ẹ̀gbọ́n ẹ ti ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi. Wọ́n fi okùn dínà, ẹnikẹ́ni ò lè sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó wó, àwọn ń gbọ́ ìró nínú ilẹ̀ fọ́jọ́ méjì, gbà, gbà, gbà. Iná funfun sì wà lókè ibẹ̀. Olùkọ́ ní àwọn àlejò ló wá kó ẹ̀gbọ́n ẹ àtàwọn yòókù. Ṣàlàyé ìyẹn fún mi."

Olómi lè dákẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ìyá òun yóò wọ bọ́ọ̀sì ní Sátidé, kòtò àtijọ́ sì lè wó nígbàkigbà.

"Ìró ẹ̀rọ mi ni," ó ní. "Iná ẹ̀rọ mi ni."

"Ìwọ?"

"Èmi ni wọ́n pè."

Ìyá yọ awò ojú rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ojú ẹsẹ̀ ló parí, kí lò ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ bá?"

Olómi wá jẹ́wọ́. Ó ní nígbàkigbà tí àwọn bá pa ẹ̀rọ láti so páìpù mìíràn mọ́ ọn, òun máa ń fi etí lé irin. Ẹnì kan ń lu àpáta nísàlẹ̀, á lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sinmi, á tún lù ú. Òun náà ń fi òòlù lu páìpù láti dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n àpáta ibẹ̀ le, ẹnu ẹ̀rọ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìró náà dákẹ́. Nígbà tí páìpù máa fi dé ibẹ̀, omi ti kún un.

"Ṣé òun ló ń lù ú?"

Ì bá sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Bóyá ìyẹn ì bá tu ìyá nínú díẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Màmá. Márùn-ún ni wọ́n."

Ìyá pa ìwé àjákọ náà dé. "Ọdún mẹ́ta," ó ní. "O jẹ́ kí n máa retí ẹ̀ fọ́dún mẹ́ta." Ó ní kó jáde.

Ní àárọ̀ Sátidé, Olómi ti wà lẹ́nu géètì kí bọ́ọ̀sì tó dé. Awakọ̀ fọn fèrè. Ìyá yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó di ògiri mú.

"Ẹ máa lọ," ó sọ fún wọn. "Ọmọ mi ti kú."

Bọ́ọ̀sì lọ. Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Olómi fẹ́ gbá a mọ́ra, ṣùgbọ́n ìyá ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Olómi wá jókòó sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ní ibi tí ọwọ́ ìyá kò lè dé, ó sì ń gbọ́ igbe rẹ̀ títí oòrùn fi kan wọn lórí.